Mẹ́rin Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kí ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ làbò, ìyẹn iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wo ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Àjàṣẹ́ nínú ihò mikiroskóòpù. Ojú òsì ni mo fi ń wò ó, ojú òsì náà ló sì kọ́kọ́ ṣe bàìbàì. Bí mo bá ń lọ lójú ọ̀nà báyìí, mi kì í mọ ẹni tó ń bọ̀ títí á fi kí mi. Wọ́n á ní, "Tàńtí Ràmátù, ẹ ò dá wa mọ̀ mọ́ ni?" Èmi á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fi ẹ̀jẹ̀ wọn hàn mí, bóyá mà á dá wọn mọ̀.

Ti bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ má jẹ́ ká fi ọjọ́ ṣòfò lórí ẹ̀. Bàbá mi ń rán bàtà ní Djègan-Kpèvi, ó mọ ẹnì kan, ẹni náà mọ ẹnì kan, mo sì ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́. Owó náà tó jẹun, kò tó kọ́lé. Ó tán.

Ọ̀gá mi ló yẹ kí n sọ. Mìsíọ̀ Tòsú là ń pè é, ọmọ Gun, etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Ó máa ń lọ aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò gbà kí ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Yorùbá ló ń bá wa sọ láàárọ̀, bí inú bá bí i a di Faransé, bí ó bá fẹ́ yìn ẹ́ a di Gun. Gun tèmi nígbà náà kò ju kí n kí ènìyàn lọ, nítorí náà ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ti yìn mí rí.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fọ láàmù, ìyẹn àwọn awẹ́ díńgí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló tó jẹ́ kí n máa fà á. Ẹ ó kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan sí orí awẹ́ kan, ẹ ó fi etí awẹ́ kejì fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó fẹ́lẹ́ bí ahọ́n ọmọ ológbò. Ọ̀gá á gbé e sójú fèrèsé, á dijú kan, á sì jù ú sínú garawa. "Ràmátù, ṣé ẹ̀jẹ̀ lo fà yìí ni, àbí o fi òrí pa ògiri?" Mo sunkún lẹ́yìn ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun kọ́ iṣẹ́ yìí láìsunkún, ẹ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò.

Kíkà ló wá kù. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, àwọn funfun kan wà tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ara. Oríṣiríṣi ni wọ́n, ṣùgbọ́n méjì ni kí ẹ mọ̀ fún ìtàn yìí. Àwọn kan wà tí Mìsíọ̀ Tòsú ń pè ní asáréṣíwájú: àwọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé ibi tí kòkòrò bá ti wọlé, wọn a jà, wọn a sì kú síbẹ̀. Àwọn kan wà tó ń pè ní olórí-róbótó: wọn kì í kánjú, àmọ́ wọ́n máa ń rántí ọ̀tá tó ti wá rí. Ẹ ó ka ọgọ́rùn-ún ẹ̀ṣọ́ lójú láàmù, ẹ ó sì sọ iye tí oríṣi kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ara tó bá dá máa ń ní bí àádọ́ta asáréṣíwájú nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè lé, ó lè dín.

A ò ní ẹ̀rọ kankan tí yóò bá wa ṣe ìṣirò. Abọ́ kékeré mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mikiroskóòpù. Bí o bá rí asáréṣíwájú, o sọ hóró àgbàdo kan sínú abọ́ tirẹ̀. Bí o bá rí olórí-róbótó, o sọ ẹ̀wà. Àwọn tó kù, tí wọn kì í pọ̀, ẹ̀pà ni tiwọn. Lọ́jọ́ kan ebi ń pa mí, mo kàn rí i pé mo ti ju ẹ̀pà méjì sẹ́nu. Ọ̀gá wá ka abọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bá méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Ó wo ẹnu mi tó ń lọ.

"Ràmátù."

"Mìsíọ̀."

"O ti jẹ ẹ̀ṣọ́ ara ọmọ ọlọ́mọ."

Gbogbo làbò rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi òkúta wẹ́wẹ́ rọ́pò ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ yẹn á padà wá bá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Òfin rẹ̀ kan wà tó ju gbogbo òfin lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o kà á. Bí kíkà kìíní àti ìkejì bá bára mu, o lè kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, ìwé tí a ń kọ èsì gbogbo aláìsàn sí. Bí wọn kò bá bára mu, tàbí tí iye náà bá yà ọ́ lẹ́nu jù, fọ́ láàmù yẹn, má kọ nǹkan kan, bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. "Ìwé ńlá kì í gba iyèméjì," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Mo gbà á bí ẹni gba àdúrà.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ọkàn kò sí lọ́dọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn dókítà kan láti òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí Kútọnu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti tún ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ló bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, aláìsàn a padà sí Àjàṣẹ́, àwa la ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni àkọ́kọ́ tó kàn mí jẹ́ tíṣà kan. Mo kà á, àádọ́rùn-ún asáréṣíwájú nínú ọgọ́rùn-ún. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, àádọ́rùn-ún. Mo ti dìde, mo fẹ́ sáré lọ bá dókítà pé kòkòrò ti wọ ibi tí wọ́n la.

Ọ̀gá ní, "Jókòó. Oògùn wo ló ń lò?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ̀, o wá ń sáré."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹ̀ṣọ́ ló ń rìn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fara ti ògiri iṣan, wọ́n ń sinmi. Nígbà iṣẹ́ abẹ ọkàn, wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn kan tí kì í jẹ́ kí ara wú. Oògùn yẹn ló ń lé àwọn asáréṣíwájú kúrò lára ògiri, gbogbo wọn a bọ́ sí títì, ẹni tó bá ń kà wọ́n á rò pé ogun dé. Olórí-róbótó ní tiwọn a fà sẹ́yìn, wọn a dín kù. Ó ní oògùn tí wọ́n fi ń kunni lóorun pàápàá máa ń jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ tòògbé díẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún máa ń purọ́," ó ní. "Kó o tó gbà á gbọ́, bi í pé ta ló ń kọ́ ọ ní ohun tó ń sọ."

Tíṣà yẹn kò ní kòkòrò kankan. Ó lọ sílé, ó sì tún kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí mo kó nínú ẹ̀kọ́ yẹn ni pé ẹ̀jẹ̀ máa ń purọ́. Ìdajì tó kù, ìyẹn pé kí n béèrè oògùn, ó wọ etí kan, ó gba èkejì jáde.

Mìsíọ̀ Tòsú fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ dé. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sí i lẹ́nu, ìṣẹ́jú kan, ó ti pọ ìwé èsì jáde. A jó yí i ká lọ́jọ́ tó dé, lóòótọ́ ni mo ń wí, a jó. Ṣùgbọ́n ooru, eruku, iná tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ̀rọ náà ò ju ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ. Bó bá bàjẹ́, a ó dúró de ẹni tí yóò wá tún un ṣe, àwa a sì padà sídìí abọ́ àgbàdo.

Ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rọ bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Sàfúrátù wá.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Sàfúrátù ni aránṣọ àdúgbò wa, òun ló ń rán aṣọ mi láti ọdún mélòó kan. Láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ ti ń dà á láàmú, àwọn dókítà Kútọnu sì ti bá a tún un ṣe ní bí oṣù kan sẹ́yìn. Ọ̀sán Sátidé ni, Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀. Nímọ́tà, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́fà, ló di ìró rẹ̀ mú.

"Tàńtí, ọ̀fun ló ń dùn mí," ó ní. "Itọ́ lásán, mi ò lè gbé e mì. Ara mi sì ń gbóná."

"Ọkàn ńkọ́?"

"Ọkàn dúpẹ́. Ó ń lù bó ṣe yẹ. Nímọ́tà máa ń gbé etí lé e láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé." Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọ̀fun mú. "Aṣọ Iléyá yín ti fẹ́ẹ̀ parí o. Ọrùn ló kù."

"Jẹ́ kí ara yá ná," mo dá a lóhùn. Mo fa ẹ̀jẹ̀, mo ní kó máa lọ sílé, mà á ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ ọgbọ̀n ènìyàn ni mo ti kà láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, èmi nìkan. Ọrùn ń ro mí, ojú ń ta mí. Mo kọ́kọ́ ka gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tín-ín-tín kan pọ̀: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, níbi tó yẹ kó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó kéré tán. Mo wá lọ sórí láàmù. Mo wá ẹ̀ṣọ́ títí kí ọgọ́rùn-ún tó pé. Abọ́ ẹ̀wà kún. Nínú abọ́ àgbàdo, hóró mẹ́rin.

Mo tún un kà. Méje.

Mẹ́rin àti méje kò bára mu. Iye náà sì yà mí lẹ́nu. Mo gbé igò ẹ̀jẹ̀ sókè, mo rí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀, bíi pé ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́ dì. Tàbí mo rò pé mo rí i. Títí dòní mi ò lè búra. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dì máa ń gbé ẹ̀ṣọ́ mì, ìyẹn ni gbogbo wa mọ̀. Mo ní, ẹ̀jẹ̀ yìí ń purọ́. Mo fọ́ láàmù, mi ò kọ nǹkan kan sínú ìwé ńlá. Mo ní kí ẹnì kan tó ń lọ sí àdúgbò wa bá mi sọ fún Sàfúrátù pé kò sí nǹkan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dì, kó padà wá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí n fa òmíràn.

Òfin ni mo tẹ̀ lé. Ó sì rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo ti to abẹ́rẹ́ àti igò tuntun sílẹ̀. Dókítà ló wọlé. Ó ní wọ́n gbé Sàfúrátù wá ní ọjọ́ Àìkú, kòkòrò ti gba gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan, kò sì rù ú là. Ó ní, "Èsì ọjọ́ Sátidé dà?"

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ dì."

Ó mi orí, ó jáde. Kò sẹ́ni tó tún bi mí.

Lẹ́yìn ọjọ́ ogójì, ìyá Sàfúrátù wá bá mi ní làbò pẹ̀lú àpò kan. Aṣọ Iléyá mi wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Oògùn tó ṣẹ́kù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó ní kí n fún ẹni tí kò lówó. Mo ń to oògùn náà, mo rí páálí òfìfo mẹ́ta, oògùn ìrora kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ní wọ́n fún un díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí egungun àyà tí wọ́n là. Nígbà tó tán, àyà ṣì ń dùn ún, ó sì fẹ́ rán aṣọ ọdún, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Kraké lẹ́nu ibodè bá ń rà á fún un lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà.

Mo gbé páálí náà lọ bá dókítà. Ó wò ó, ó jókòó. Ó ní oògùn yẹn kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n lára àwọn díẹ̀, bí ẹní ka gbogbo ènìyàn inú ọjà kan kí ó tó rí ẹyọ kan, ó máa ń pa asáréṣíwájú run pátá. Ọ̀fun á kọ́kọ́ dun ẹni náà, ara á gbóná. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, wọ́n á dá oògùn náà dúró, wọ́n á fún un ní èyí tó ń pa kòkòrò, ẹ̀ṣọ́ mìíràn á sì hù. "Ká ní a rí iye ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni," ó ní. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo padà sí làbò.

Ẹ̀jẹ̀ kan ti purọ́ fún mi rí, mo wá pe òótọ́ ní irọ́. Mẹ́rin àti méje. Kí ni mò ń wá bíbáramu wọn fún? Méjèèjì ló ń pariwo ohun kan náà.

Mo lọ bá Mìsíọ̀ Tòsú nílé rẹ̀. Ó ti darúgbó, ó ń bomi rin òdòdó lẹ́bàá ògiri. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì fi kún un pé òfin rẹ̀ ni mo tẹ̀ lé. Mo fẹ́ kó bá mi gbé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí n má purọ́ fún yín.

Ó gbé agbè omi sílẹ̀. "Ràmátù, ìwé ni mo ní kó dúró," ó ní. "Mi ò ní kí aláìsàn dúró."

Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Bí mo ṣe ń bọ̀ wálé lórí ọ̀kadà zẹ́mìjáàn, ẹ̀pà ọjọ́sí ló ń sọ sí mi lọ́kàn. O ti jẹ ẹ̀ṣọ́ ara ọmọ ọlọ́mọ.

Láti ìgbà náà, mi ò fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni láìbéèrè ohun tó ń lò: ti dókítà, ti ẹ̀bá ọ̀nà, ti inú ìgò àgbo. Àwọn aláìsàn a ní, "Tàńtí, ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?" Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìlà dúró, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń bá ṣiṣẹ́ sì máa ń pòṣé. Ẹ̀rọ tuntun ti dé, èyí tó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bó bá rí nǹkan tó rú u lójú, ó máa ń fi àmì pupa sí i, àwọn ọ̀dọ́ a sì tẹ bọ́tìnì kí àmì náà lọ. Lọ́jọ́ kan mo gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo wo láàmù fúnra mi, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi sáré lọ sí yàrá àwọn aláìsàn láìtíì kọ nǹkan kan. Apẹja kan láti Sèmè ni, oògùn tí wọ́n fi ń mú ìlù ọkàn rẹ̀ dọ́gba ló ń jẹ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Ó yè. Ó ṣì máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń rántí pé ọ̀kan kò san ti èkejì.

Mo fẹ̀yìn tì. Mo rò pé ó parí.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Lóṣù tó kọjá, Nímọ́tà wọlé wá bá mi. Ó ti yege báàkì, ìdánwò tí a fi ń parí sẹ́kọ́ńdírì, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ẹ̀rín kan náà ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo bu omi fún un.

"Tàńtí, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yín," ó ní. "Nítorí ìyá mi ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dì, kò sẹ́ni tó rí ohun tó ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹnì kan máa rí i."

Mo lè sọ pé Ọlọ́run á ṣe é. Mo lè bá a yọ̀ kí n sì fi àdúrà sìn ín jáde. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ, irọ́ náà wúwo ju ojú tó ń fọ́ lọ. Mo ní, "Nímọ́tà, ẹ̀jẹ̀ dídì kọ́ lọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Mo rí ohun tó ń ṣe é." Mo sì sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí.

Kò sunkún. Ó wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tó fọ́ láàmù.

"Mélòó lẹ kà?"

"Mẹ́rin. Mo tún un kà, ó di méje."

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Mi ò kọ ọ́."

Ó dìde. Kò fọwọ́ kan omi tí mo bù fún un. Ẹnu ọ̀nà ló dé kó tó yíjú padà. "Ẹ kọ ọ́, Tàńtí," ó ní. "Ẹ kọ ọ́ síbi tí ènìyàn á ti rí i."

Kò tíì padà wá. Mi ò mọ̀ bóyá á kọ́ iṣẹ́ náà, mi ò sì lẹ́nu láti bi í. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá iṣẹ́ làbò dára, ó dára. Ó máa ń rẹni. Èyí tó tẹ̀ lé e yìí ni èsì tí mo jẹ ìwé ńlá ní gbèsè láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

Orúkọ: Sàfúrátù, aránṣọ, ìyá Nímọ́tà, Djègan-Kpèvi.
Gbogbo ẹ̀ṣọ́ funfun: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún.
Asáréṣíwájú: mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Kíkà kejì: méje.
Oògùn tó ń lò: a kò bi í.
Ẹni tó kà á: Ràmátù.